A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ẹ̀yìnkùlé yín di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Tanke

Ọlọ́run ló yọ wá lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọjọ́ Àìkú kan ni, lásìkò ọyẹ́, nínú ọgbà ilé tí mò ń gbé ní Tanke, n'Ílọrin. Mo ti tú kábúrétọ̀ ọkọ̀ ìjàpá mi sílẹ̀, mo bu epo bẹntiróòlù díẹ̀ sínú abọ́ oníke, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kò síná kankan lọ́dọ̀ mi. Mi ò mu sìgá, mi ò ṣáná. Ibi tí ìyàwó mi ti ń dín àkàrà lórí àdògán eléèédú, ó jìnnà sí mi tó ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, òórùn epo yẹn ti pọ̀ jù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé epo ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi rìn lọ bá a níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi tí iná fi sáré lórí sìmẹ́ǹtì bí ejò, láti ìdí àdògán wá sínú abọ́ tó wà níwájú mi. Ó jó irun apá mi, ó jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹ̀yìn mọ́tò. Yanrìn tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí a fẹ́ fi rẹ́ ògiri, la bù lé e lórí tó fi kú. Bí kò bá sí yanrìn yẹn ni, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ ìròyìn yìí nípa tèmi.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń ṣe irú eré yìí. Láti Tipper Garage títí dé ọ̀nà Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí. Ilé onílé, ilé ayálégbé, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Láàárín wọn lẹ ti máa rí ẹni tó ní Peugeot 504 bàbá ẹ̀ tí kò fẹ́ tà, ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ jí ìjàpá dìde. Látìgbà tí ìjọba sì ti kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí nǹkan gbogbo wọ́n sí i, àwọn tó ń gbìyànjú àtitún mọ́tò wọn ṣe fúnra wọn ò lè dín kù.

Kò burú. Iṣẹ́ ọwọ́ dára. Ṣùgbọ́n ilé tí ìyàwó, ọmọ àti ayálégbé ń sùn sí kì í ṣe ilé mẹkáníìkì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì wà nínú ọgbà kan náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kó tó di pé ẹ ra sípánà kan ṣoṣo.

Ooru epo ló ń gbaná

Ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Epo tó wà nínú abọ́ gan-an kọ́ ló ń jó, ooru tó ń gbéra lórí ẹ̀ ni. Kẹrosíìnì tó dáa, tí wọn ò pò mọ́ nǹkan mìíì, gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó kéré tán, kó tó lè tú ooru tó máa gbaná. Bẹntiróòlù ò nílò ìyẹn. Kódà níbi tí òtútù ti lọ sílẹ̀ tó 40 lábẹ́ òdo, níbi tí omi ti di òkúta yìnyín, ó ṣì ń tú ooru tó lè gbaná. Ẹ wá ro ọ̀sán Ìlọrin wò.

Ooru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà, kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń gbà. Ó ń ṣàn bí omi tí wọ́n dà sílẹ̀, ó ń wọ inú kòtò, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Ibi tó bá ti pàdé iná, ibẹ̀ ló ti máa gbaná, iná náà á wá tọ ojú ọ̀nà tó gbà wá padà lọ sídìí epo. Kò sì dìgbà tó bá pọ̀. Bó bá ti kó ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, ó ti tó í jó.

Ẹ̀yin náà rí i pé irọ́ ni mo pa fún Ìyá Ìbejì. Epo lẹ́sẹ̀.

Henry Ford náà ṣe é, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a rọ epo

Ẹ má rò pé èmi nìkan lọkùnrin tó gbé epo sún mọ́ ìdáná ìyàwó ẹ̀ o. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún Kérésì máa bọ́ sí ọ̀la, lọ́dún 1893, Henry Ford, ọkùnrin tó padà dá iléeṣẹ́ mọ́tò Ford sílẹ̀, gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wọ ilé ìdáná wọn ní Detroit, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó dè é mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Clara, ìyàwó ẹ̀, ń tọ́jú oúnjẹ ọdún lọ́wọ́, òun lọkọ ẹ̀ pè pé kó wá máa rọ epo sí i díẹ̀díẹ̀. Ara iná ẹlẹ́tíríìkì ilé ìdáná náà ló ti fa wáyà tó fi ń ta pàrà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Edsel, ọmọ wọn jòjòló tí wọ́n bí lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, inú ilé kan náà ló sùn sí. Ọlọ́run ló yọ àwọn náà.

Nígbà tí Ford wá fẹ́ ṣe mọ́tò odidi, kò padà sílé ìdáná mọ́. Ilé tí wọ́n ń kó èédú sí, tó wà lẹ́yìnkùlé ilé tí wọ́n háyà ní Bagley Avenue, ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn dáa. Àmọ́ lọ́jọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1896, tí mọ́tò parí, mọ́tò ò gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Àáké ni Ford fi wó bíríkì ògiri ilé onílé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ẹ gbé iná kúrò nínú ilé tí ọmọ ń sùn, kẹ́ ẹ sì wọn ẹnu ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa kọ́ ọ sí

Ilẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń tà fún wa jẹ́ 50 fíìtì sí 100 fíìtì. Lójú ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé àti sí ògiri aládùúgbò. Bí ààyè bá gbà yín, ẹ fi fíìtì 10 sílẹ̀ láàárín. Ẹ má kọ́ ọ sábẹ́ fèrèsé yàrá ẹnikẹ́ni, ẹ má kọ́ ọ ti ìdáná, ẹ sì má jẹ́ kó sún mọ́ kànga.

Ẹ wo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan gbẹ, láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní ìhà kejì ilé, ìyẹn láàárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, atẹ́gùn ọyẹ́ á máa gbé iná kúrò lára ilé. Bó bá wà lódìkejì, á máa fẹ́ ẹ wọ yàrá yín.

Ẹ má sì fi mọ́tò tí kò lè rìn dí ọ̀nà géètì. Mọ́tò tó wà lórí jáàkì kì í gbọ́ pé iná ń jó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní yẹra fáwọn panápaná.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ bá láńlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ onílé, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ilé kíkọ́ nílùú, torí ilé gbígbé ni wọ́n fọwọ́ sí fún yín. Ṣíṣe mọ́tò ara ẹni yàtọ̀ sí kéèyàn máa gba kọ́sítọ́mà láàárín àdúgbò.

Ògiri, òrùlé àti ilẹ̀kùn

Búlọ́ọ̀kù onínáìnì ínǹṣì ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì rẹ́ ẹ nínú lóde. Ògiri tó kọjú sí ilé ò gbọ́dọ̀ ní fèrèsé. Bó bá di dandan kí ṣọ́ọ̀bù so mọ́ ilé, ẹ má dá ògiri yẹn dúró sábẹ́ àjà. Ẹ gbé e gun òkè títí kó fi kan páànù, kẹ́ ẹ sì dí gbogbo àlàfo ibẹ̀. Iná tí kò ríbi gbà nísàlẹ̀ máa ń gba orí àjà, á wá bọ́ sínú yàrá tí wọn ò ti retí ẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ti ṣọ́ọ̀bù wọ páálọ̀ tààrà ò dáa rárá.

Ẹ má ṣe àjà oníke tàbí ti pákó síbẹ̀. Èyí oníke á yọ́, èéfín ẹ̀ sì lè pààyàn kí iná tó débẹ̀. Páànù lórí irin tó.

Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ àti òkè. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù olójú sídìí ògiri, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ooru bẹntiróòlù lè rí ibi jáde sí. Ẹ tún fi sókè lára ògiri tó dojú kọ ọ́, torí àwọn gáàsì kan wà tó fúyẹ́, tó jẹ́ òkè ni wọ́n ń lọ. Ilẹ̀, kọnkéré ni kẹ́ ẹ dà á, kó dà díẹ̀ síta, kó má dà sọ́dọ̀ ilé.

Kòtò táwọn mẹkáníìkì ń wọ̀ láti fi wo abẹ́ mọ́tò ńkọ́? Ẹ má gbẹ́ ẹ sílé. Ẹ rántí pé ooru epo ń wá ibi tó bá rẹlẹ̀. Èèyàn lè dúró nínú kòtò tó ti kún fún un láìmọ̀, kí gílóòbù kan ṣoṣo sì fọ́.

Ilẹ̀kùn méjì ló dára jù, onírin, kí wọ́n sì ṣí síta. Ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ yín. Ẹ tún yẹ fèrèsé ilé yín wò. Gbogbo wa la de irin mọ́ fèrèsé nítorí olè, ṣùgbọ́n irin tí kò jẹ́ kí olè wọlé kò ní jẹ́ kí ọmọ jáde. Ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú irin yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí látinú, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà.

Iná ẹlẹ́tíríìkì

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ilé kíkọ́ wọn sọ pé ohun èlò tó lè ta iná nínú ilé mọ́tò gbọ́dọ̀ ga tó ínǹṣì 18 kúrò nílẹ̀. Ẹ ti mọ ìdí ẹ̀ báyìí: ilẹ̀ ni ooru epo ń gbà. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì yín kọjá ìbàdí àgbàlagbà. Ẹ fi súìṣì tó lè pa gbogbo iná ṣọ́ọ̀bù síta. Jẹnẹrétọ̀ náà, ìta ni kó máa gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi gílóòbù onígíláàsì tó ní wáyà gígùn wo abẹ́ mọ́tò, ẹ jáwọ́. Bó bá jábọ́ sínú epo, ó parí. Tọ́ọ̀ṣì LED tó ń lo bátìrì ti wà báyìí.

Ìjàpá fúnra ẹ̀ ní ọ̀ràn tiẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjàpá tó kù nílẹ̀ yìí wá látọwọ́ iléeṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ójòó, nílùú Èkó, lọ́dún 1975. Mọ́tò náà gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó ti ń gbaná. Bátìrì ẹ̀ wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Bí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí èèyàn tó sanra jókòó, irin àga á kan orí bátìrì, á sì tanná ran fóòmù. Ẹ wá ìdérí sí i kó tó dòru. Ẹ̀ẹ̀kejì, rọ́bà tó gbé epo lọ sẹ́yìn máa ń gbó, á sì máa jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi táàpù dì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, irin ara ẹ́ńjìnnì yẹn ní magnesium nínú. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá gbaná, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i á tún jẹ́ kó ru sókè ni.

Iṣẹ́ tó yẹ àtèyí tí kò yẹ nílé

Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ páàtì mọ́. Dísẹ́ẹ̀lì tàbí omi ọṣẹ tó gbóná á ṣe é. Ní ti epo tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú, àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham nílùú London mọ̀ pé òfin wọn níbẹ̀, ti ọdún 2014, kò gbà kéèyàn kó ju lítà 30 bẹntiróòlù pa mọ́ sílé láìfi tó àwọn aláṣẹ létí, kẹ́ẹ̀gì oníke ò sì gbọ́dọ̀ ju lítà 10 lọ. Níbí, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ló ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé epo sínú agolo onírin tó ní ìdérí, síta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí oòrùn ò sì pa á. Ẹ má bu ú sínú ìgò mínírà, ọmọ lè gbé e mu.

Bátìrì tẹ́ ẹ̀ ń ṣájì máa ń tú gáàsì háídírójìn. Bí ìyẹn bá ti kó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó lè bú. Ìta ni kẹ́ ẹ ti máa ṣájì. Ẹ kọ́kọ́ pa ṣájà kẹ́ ẹ tó yọ ẹnu wáyà kúrò lórí bátìrì.

Iṣẹ́ wẹ́dà àti panẹbítà, ẹ gbé e lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Gáàsì tí kábáàdì ń tú nígbà tí omi bá kàn án, ìdá 2.5 nínú 100 ti tó fún un láti bú. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ọmọ. Ẹ má sì gbà kẹ́nikẹ́ni jó tánkì epo yín torí pé ó ní kò sépo nínú ẹ̀ mọ́. Tánkì tó gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí ooru epo ló kún inú ẹ̀. Bí wẹ́dà bá sì jó ohunkóhun lára mọ́tò yín, ẹ má lọ sùn. Ẹ dúró tì í fún wákàtí kan, torí iná lè máa jẹ rọ́ọ̀gì lábẹ́ láìhàn síta.

Àkísà tó ní ọ̀dà tàbí epo líńsíìdì lára, ẹ má kó o jọ sí igun kan. Ó lè gbóná fúnra ẹ̀ títí tá á fi gbaná. Ẹ sá a síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú agolo olómi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi gáàsì CNG sí mọ́tò, ẹ má dán an wò nílé láéláé. Agbára tó wà nínú sílíńdà yẹn lè tó ìlọ́po 100 èyí tó wà nínú táyà mọ́tò. Lọ́jọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, sílíńdà ara mọ́tò kan bú gbàmù nílé epo kan nílùú Benin, nípìnlẹ̀ Edo, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò CNG lé lọ́wọ́ sọ pé sílíńdà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, pé ńṣe ni wọ́n jó o pọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ lọ.

Bí iná bá sọ

Sílíńdà apaná oníyẹ̀fun, kílò 6, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́, kì í ṣe inú lọ́hùn-ún, torí ẹ ò ní fò kọjá iná lọ mú un. Ẹ máa wò ó lóṣooṣù bóyá ọwọ́ aago rẹ̀ ṣì wà lójú àwọ̀ ewé. Ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn gbígbẹ méjì tì í. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fa píìnì yọ, ẹ dojú ẹ̀ kọ ìdí iná, ẹ má fọ́n ọn sókè. Ẹ má da omi sí epo tó ń jó, orí omi lepo máa léfòó, á sì gbé iná kiri ọgbà. Bí sílíńdà kan bá tán tí iná ò kú, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀. Ẹ kó àwọn èèyàn jáde, kẹ́ ẹ pe 112 fáwọn panápaná. A lè rí ìjàpá mìíì rà.

Ní tèmi, ṣọ́ọ̀bù mi ti wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà báyìí, ó jìnnà sílé, ó ní ihò nísàlẹ̀ àti lókè. Mo ná owó sí búlọ́ọ̀kù, ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ sì ní láti dúró ná. Nígbà tí mo parí ẹ̀, mo ní kí Ìyá Ìbejì wá wò ó. Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo yanrìn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá Ìbejì. Epo ńkọ́, ibo lẹ fi sí?" Mo fi àpótí onírin tó wà níta hàn án. Ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara ẹ̀.

Títí dòní, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń gbà á. Kò sì dùn mí.